Kábọ́ọ̀nù Tó Ń Sọ Ibi Tí Mólékù Rìn Dé

Ẹ̀yin ará wa tó fi Sugar Land, lẹ́bàá Houston, ṣe ibùgbé, ìrèké àti ṣúgà ló fún ìlú yín lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ Imperial tó ń fọ ṣúgà níbẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn láti 2003. Ẹ jẹ́ ká ti ibi ṣúgà bẹ̀rẹ̀. Ẹ ju ṣúgà díẹ̀ sínú omi, kí ẹ má rò ó. Tó bá pẹ́, gbogbo omi náà á dùn. Mólékù, ìyẹn ègé tó kéré jù lọ tó ṣì ń jẹ́ ohun tó jẹ́, kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń kọlu èkejì rẹ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún sósì. Ìrìn yìí la ó máa pè ní ìtànká. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mólékù omi á ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà jìnnà síbi tó ti gbéra. Ṣé a jọ ń lọ?

Báwo wá ni a ṣe ń wọn ìrìn tí ojú kò rí? Kókó àárín àwọn átọ̀mù kan ń yí bí òkòtò, ó sì ní òòfà tirẹ̀. Bí a bá kó wọn sínú òòfà ńlá, tí a fi ìgbì rédíò tì wọ́n, wọ́n á fọhùn, ẹ̀rọ á sì gbọ́. Ní 1965, àwọn onímọ̀ méjì, Stejskal àti Tanner, fi ọgbọ́n kan kún un. Wọ́n mú kí òòfà lágbára lápá kan ju apá kejì lọ fún ìgbà díẹ̀, kí eré òkòtò kọ̀ọ̀kan lè bá ibi tó wà mu. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe òdìkejì rẹ̀, kí ti àkọ́kọ́ lè tú. Àwọn tí kò kúrò lójú kan á fọhùn ṣọ̀kan. Àwọn tó ti rìn kò ní bá wọn dọ́gba mọ́, ohùn gbogbo wọn á sì rẹlẹ̀. Bí ìrìn bá ṣe jìnnà tó ni ohùn á ṣe rẹlẹ̀ tó. Bí èyí kò bá tíì yé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Ohùn háídírójìn rọrùn láti gbọ́. Ilé-iṣẹ́ Schlumberger, tó ń jẹ́ SLB báyìí, ní ibùdó ní Sugar Land yín. Irinṣẹ́ wọn tó ń wọ inú kànga epo ń fi ìtànká mọ omi yàtọ̀ sí epo àti gáàsì. Kábọ́ọ̀nù ló ṣòro. Irú kábọ́ọ̀nù tó ń jẹ́ kábọ́ọ̀nù-13 nìkan, bíi 1 nínú 100, ló ń fọhùn. Àwọn náà sì ń pa ohùn ara wọn rẹ́: bí àwọn kan ṣe kọjú sókè ni àwọn mìíràn kọjú sísàlẹ̀. Nínú òòfà ilé ìwòsàn, nínú mílíọ̀nù kan, bíi 3 péré ló ń ṣẹ́kù. Ẹ rí ibi tí ìṣòro wà?

Ní 2003, Jan Henrik Ardenkjær-Larsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n mú kábọ́ọ̀nù dì nínú òòfà, ní òtútù tó sún mọ́ −272°C. Níbẹ̀, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó dá wà ti kọjú síbì kan náà. Ìgbì máíkírówéèfù á mú kábọ́ọ̀nù tẹ̀lé wọn. Omi gbígbóná á wá yọ́ ọ wàrà. Kábọ́ọ̀nù akọjúsíbìkan la ó pè é. Ohùn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po 10,000. Ṣé ó ti yé yín bó ṣe di alóhùn gooro?

Ẹ wá fara balẹ̀ síbí yìí. Ohùn náà kì í tọ́jọ́: láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, púpọ̀ rẹ̀ ti lọ, kò sì ní padà. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ́tí sí i la tún ń ná díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ohùn bá wá rẹlẹ̀, ṣé mólékù ló rìn ni, àbí owó ohùn ló ń tán? Ìdí nìyí tí wọn kì í fi ná an tán lẹ́ẹ̀kan. Ìgbì rédíò kékeré ni wọ́n fi ń tì í. Wọ́n ń ṣírò ohun tí àkókò mú lọ àti ohun tí títẹ́tí ná. Ìyókù àdánù ni wọ́n ń kà sí ìtànká lọ́rùn. Ṣé ẹ ti mọ àdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yà sọ́tọ̀?

Kí la fẹ́ fi ṣe? Ní ilé ìwòsàn MD Anderson ní Houston, àwọn onímọ̀ ń lo pyruvate, mólékù tí ara ń ṣe láti ara ṣúgà, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ akọjúsíbìkan, láti wo àrùn jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá fa á sí iṣan, sẹ́ẹ̀lì á sọ ọ́ di mólékù mìíràn, lactate, jẹjẹrẹ sì sábà máa ń ṣe èyí ní àṣejù. Pyruvate inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ jìnnà. Lactate inú sẹ́ẹ̀lì ń forí gbá awọ sẹ́ẹ̀lì, ìrìn rẹ̀ kúrú. Nítorí náà, ẹ̀yin gan-an ẹ dáhùn: bí ìtànká lactate bá fò sókè lójijì, níbo ni ẹ máa sọ pé ó ti jáde lọ?