Ìwé Díẹ̀ Tí A Kà Dópin

Ibi kíkà: 2 Tímótì 4:9-13, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:26-35



Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì wa, Mùsùlùmí ni, bi mí ní ìbéèrè kan nígbà tí a ń dúró de olùkọ́. Ó ní bí Jésù bá jẹ́ Ọlọ́run lóòótọ́, ta wá ni ó ń gbàdúrà sí ní Gẹtisémánì? Kò wá ìjà, ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo dá a lóhùn pé ohun ìjìnlẹ̀ ni, àfi kí èèyàn ṣáà gbà á gbọ́. Ó mi orí, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sí tẹ́ẹ̀sì tí a fẹ́ ṣe. Nígbà tí mo délé, mo ṣí fóònù mi. Ìwé Kristẹni tí mo ti kó jọ síbẹ̀ láti ọdún kìíní lé ní 200. Mẹ́ta péré ni mo kà tán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dá lórí bí a ṣe ń yan ẹni tí a ó fẹ́!

Ẹ wo Pọ́ọ̀lù. Inú ẹ̀wọ̀n ló wà, ó mọ̀ pé ikú òun ti sún mọ́lé. Ó ránṣẹ́ sí Tímótì pé kó bá òun mú aṣọ òtútù òun bọ̀ láti Tíróásì, kó sì kó àwọn ìwé òun wá, pàápàá èyí tí a kọ sára awọ. Ẹni tó ti rí Olúwa lójú ọ̀nà Dámásíkù ṣì ń bèèrè ìwé. Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ nìkan ti tó. Ẹ̀mí Mímọ́ yìí kan náà ló rán Fílípì sí ará Etiópíà tó ń ka Aísáyà tí kò rí ẹni ṣàlàyé fún un. Irú iṣẹ́ tí Fílípì ṣe nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin yẹn ni ìwé rere ń ṣe fún wa.

Bíbélì ni ká kọ́kọ́ mú, ká sì mú ti Yorùbá mọ́ ti Òyìnbó. Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi kan gba Odò Ọya wá dé ibi tí òun àti Bẹ́núé ti pàdé níbí. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tó jẹ́ pé ní Freetown ló ti kọ́ ìwé kíkà. Odindi Bíbélì Yorùbá, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, jáde ní 1884. Ó ju 40 ọdún lọ lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn. Mo mọ̀ pé àwa ọmọ Okun a máa ní Yorùbá inú rẹ̀ le. Ẹ kà á sókè, ẹ ó rí i pé kò le tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ ti John Bunyan. Ẹni tó ń tún ìkòkò ṣe ni Bunyan, ó sì lo ọdún 12 ní ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ. Ìwé náà jáde ní 1678, David Hinderer, míṣọ́nárì Ìbàdàn, ló sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bí àyè yín kò bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ ka ibi tí òmìrán tó ń jẹ́ Àìnírètí ti Kristẹni àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́lé. Ó nà wọ́n, ó ní kí wọ́n kúkú pa ara wọn. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí Kristẹni tó rántí pé kọ́kọ́rọ́ kan wà láyà òun, Ìlérí ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti gbọ́ ohùn òmìrán yẹn lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò jáde, tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tìrẹ bá nìyẹn, ka ibẹ̀, kí o sì pe ará kan lálẹ́ òní.

Ìwé tí ǹ bá ti kà ṣáájú ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi ni Basic Christianity ti John Stott, ti 1958. Ìwé kékeré ni. Ọ̀dọ̀ Jésù fúnra rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: ohun tó sọ nípa ara rẹ̀, ìwà rẹ̀, àjíǹde rẹ̀. Nígbà tí mo kà á tán, mo padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo ní a kò sọ pé Jésù ni Baba. Ọmọ tó di ènìyàn ló ń bá Baba sọ̀rọ̀. Kò gbà, ṣùgbọ́n ó yá ìwé náà. Ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Africa Bible Commentary náà dára. Tokunboh Adeyemo, ọmọ Ìbàdàn, ló darí àwọn onímọ̀ 70 láti ilẹ̀ Áfíríkà tó kọ ọ́, ó sì jáde ní 2006. Ó wọ́n o! Kí ẹgbẹ́ dáwó jọ ra ẹyọ kan.

Ìwé tó bá ṣèlérí ọrọ̀ láàárín ọjọ́ méje, ẹ ṣe é bí àwọn ará Bèróà ṣe ṣe, ẹ fi wé Ìwé Mímọ́ ná. Ẹni tó bá ń ka ojú-ewé 5 lójúmọ́ yóò parí ìwé olójú-ewé 150 láàárín oṣù kan.

Fún ìjíròrò:
Ìwé wo lo kà tán gbẹ̀yìn, kí ló sì yí padà nínú àdúrà rẹ?
Ìbéèrè wo ni ẹni tí kì í ṣe Kristẹni ti bi ọ́ tí o kò rí dáhùn? Mú un wá sí ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.