Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Pa Ìtàn Pọ̀ Lórí Tábìlì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yí tábìlì ká pẹ̀lú dáìsì àti bébà, tí ẹ ń di jagunjagun, oṣó àti olè títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ̀yin ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí: adarí eré ló ń sọ bí ayé ìtàn ṣe rí, akópa kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀dá ìtàn kan tó ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó ń tú ọ̀pọ̀ tábìlì ká ni pé adarí ti parí ìtàn sínú ìwé rẹ̀ kó tó délé eré. Bí àwọn akópa bá yà sọ́tùn-ún, yóò wá ọgbọ́n dá wọn padà sósì. Láìpẹ́, ẹnìkan á ní iṣẹ́ kò jẹ́ kóun wá, ẹnìkejì á máa tẹ fóònù. Ẹ lè gba ara yín lọ́wọ́ èyí.

1. Ẹ mọ ibi tí eré yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1969, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, Dave Wesely gbé eré ogun kan kalẹ̀ tó pè ní Braunstein, orúkọ ìlú kékeré kan tó fi sí ilẹ̀ Jámánì láyé ogun Napoleon. Kò fi ọmọ ogun nìkan lé àwọn akópa lọ́wọ́. Ó fún olúkúlùkù ní ipò àti èròǹgbà tirẹ̀, ẹnìkan di olórí ìlú, òmíràn di olórí yunifásítì. Kò pẹ́ tí àwọn akópa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìmọ̀ pọ̀ ní kọ̀rọ̀, tí àwọn kan sì pe ara wọn níjà, ohun tí Wesely kò ṣòfin fún rárá. Ó gbà pé eré náà ti dàrú mọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn akópa ní tiwọn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un ṣe! Dave Arneson wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Òun ló dá ayé Blackmoor sílẹ̀ lẹ́yìn náà, òun àti Gary Gygax ló sì gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé adarí nìkan ló ni ìtàn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́.

2. Ẹ pín àṣẹ kí ẹ tó ju dáìsì àkọ́kọ́. Ta ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ohun tí ẹ̀dá ìtàn mi ń rò? Èmi ni. Adarí kò gbọdọ̀ sọ pé ẹ̀rù bà mí, mo sì sá. Ta ló ni ìlú tí wọ́n ti bí i, ta ló ni òrìṣà ilẹ̀ ibẹ̀, ta ló ni àṣírí ọ̀tá? Ẹ sọ ọ́ síta. Nínú Microscope, eré tí Ben Robbins gbé jáde ní 2011, gbogbo ẹni tó jókòó ló ń kọ́kọ́ dá sí àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ nínú ayé náà àti ohun tí wọn kò fẹ́. Kò gbà ju bébà kan lọ, kò sì sí eré tí irú rẹ̀ kò wúlò fún.

3. Ìwọ adarí, máa béèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yàtọ̀ síra. Bí o bá wo ojú akópa tó o ní, “Kí lo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ báyìí?”, ẹnu rẹ̀ á wọ, nítorí gbogbo ayé lo gbé kà á lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bi í léèrè ohun tó sún mọ́ ẹ̀dá ìtàn rẹ̀: “Ta lo jẹ lówó ní ọjà yìí, kí ló sì dé tí o kò tíì san án?” Wàá rí i pé yóò rẹ́rìn-ín, yóò ronú díẹ̀, yóò sì fún ọ ní ènìyàn kan tí ìwọ fúnra rẹ kò bá rò láé. Dungeon World, tó jáde ní 2012, tilẹ̀ gba adarí níyànjú pé kó fi àyè sílẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ tó bá yà, kí eré fúnra rẹ̀ lè kún un. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni èyí: lo ìdáhùn náà, kí o sì lò ó kí ẹ tó dìde lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kí ẹni tí wọ́n jẹ lówó yọ lójijì níbi tí ìyà ti ń jẹ onígbèsè rẹ̀. Akópa tí a bi léèrè, tí a wá da ìdáhùn rẹ̀ nù, kò ní í tún lanu mọ́. Mo rí èyí púpọ̀, ó sì ń dùn mí.

4. Má ṣe fi àdììtú lé ọwọ́ ẹni tó wá tú u. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ adarí tó nífẹ̀ẹ́ sí pípín àṣẹ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹni tó pa àlọ́ apamọ̀ kì í sọ fún agbọ́lọ̀ọ́ pé èyí tó bá ti wù ú ni ìtumọ̀. Ayọ̀ agbọ́lọ̀ọ́ ni pé ìtumọ̀ kan wà níbì kan, òun sì já a. Bí akópa bá ti ń wá ẹni tó pa ọba láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ń ṣa ẹ̀rí jọ, tó ń fọ̀rọ̀ wá ìránṣẹ́ ààfin lẹ́nu wò, ìwọ wá ní kí òun fúnra rẹ̀ sọ apànìyàn, o ti sọ gbogbo làálàá rẹ̀ di òfo. Síbẹ̀, InSpectres wà, eré tí Jared Sorensen ṣe ní 2002, níbi tí akópa tí dáìsì gbè ti ń sọ ohun tí àwọn rí gan-an. Ó ń dùn, nítorí pé gbogbo wọn ti mọ̀ kí wọ́n tó jókòó pé àwọn ni yóò hun àdììtú náà. Ìrètí tí ènìyàn gbé wá sídìí tábìlì ni kí ẹ wò.

5. Bí ojú bá ń ti àwọn kan láti dá sí ìtàn, ẹ fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi rà á. Nínú eré Fate, akópa ní àmì tó lè ná láti sọ ohun kan di òótọ́ nínú ìtàn. Bí adarí bá fẹ́ fi ìwà ẹ̀dá ìtàn náà kó o sí wàhálà, àmì ni yóò fi lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ̀ á san tirẹ̀. Onítìjú tó mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ́ra.

6. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù. Bí adarí bá jọ̀wọ́ àṣẹ, tí akópa kan ṣoṣo sì gbà á mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́, ẹ kò tíì pín nǹkan kan. Mo fẹ́ràn òfin Microscope kan: bí ó bá kan ẹnìkan láti dá nǹkan sílẹ̀, kí ẹlòmíràn má ṣe dábàá fún un, ì báà tiẹ̀ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn le fún àwọn ọlọ́rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni èrò tí ẹnikẹ́ni kò retí ti ń jáde. Fiasco, tí Jason Morningstar ṣe ní 2009, kò ní adarí rárá. Bí o bá yàn láti sọ bí ìran rẹ yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù ni yóò sọ bóyá ó parí sí rere tàbí sí búburú.

7. Gbogbo yín ló ní agbára láti dáwọ́ ìtàn dúró. Ẹ fi káàdì tí John Stavropoulos pè ní X-Card sáàárín tábìlì. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ yọ ohun tó wà nílẹ̀ nígbà náà kúrò, ẹ má sì bi í nídìí.

8. Ẹ máa gba ipò adarí fún ara yín. Eré Ars Magica ti ń ṣe é láti 1987: akópa kọ̀ọ̀kan ní oṣó tirẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì jẹ́ ti gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni lè gbé wọn wọ̀, ipò adarí pàápàá sì lè lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fún ẹni tuntun ní agbègbè kan péré, bóyá etíkun tàbí igbó àríwá, kí ó má baà ru ayé odindi. Ohun tí ẹni ìṣáájú ti fi múlẹ̀, kí ó má pa á rẹ́. Ó lè fi kún un. Ẹ jẹ́ kí oṣó ẹni tó ń darí jókòó sílé nínú ìtàn náà, kó máa ka ìwé rẹ̀, títí yóò fi kan ẹlòmíràn.