Bí Ẹ Bá Ń Bọ̀ Wá Gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Ẹ Yà ní Peckham

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń jápa wá sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù lóde òní ló ń sá fún Peckham. Wọ́n á ní àwọn kò ti Èkó wá kí àwọn tún lọ bá Èkó lókè òkun. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú, torí kì í pẹ́ tí àwọn kan náà á fi máa pè wá lórí fóònù pé níbo ni wọ́n ti ń ta èlùbọ́, pé báńkì kọ̀ láti ṣí àkáǹtì fáwọn, pé àwọn ń wá yàrá. Òpópónà Rye Lane, ní SE15, ni ìdáhùn gbogbo rẹ̀ wà. Bọ́ọ̀sì 12 àti 36 ń gbé èèyàn dé Peckham láti àárín ìlú. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ o, káàdì ni. Nígbà tí mo wò ó kẹ́yìn, £1.75 ni, ẹ sì lè fi owó kan náà wọ bọ́ọ̀sì míì láàárín wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti ìwé. Káàdì tí wọ́n ń fún àlejò tẹ́lẹ̀ ti kógbá wọlé ní ìparí ọdún 2024. Orí ayélujára ni físà wà báyìí. Ibẹ̀ lẹ ó ti mú kóòdù tí onílé àti agbanisíṣẹ́ máa fi yẹ̀ yín wò, ọjọ́ 90 ló sì ń lò. Àdírẹ́sì ni gbogbo nǹkan yòókù so mọ́. Ọ̀pọ̀ báńkì ń fẹ́ ìwé tó fi ibi tí ẹ ń gbé hàn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ará ìjọ kò ní orúkọ lórí bíìlì kankan. Àwọn báńkì orí fóònù kan kì í le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ibẹ̀.

Ti dókítà yàtọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìlànà ìjọba kò sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ mú ìwé àdírẹ́sì tàbí físà wá kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Ẹ ti san owó ìlera mọ́ físà ná: láti oṣù Kejì ọdún 2024, £1,035 lọ́dún ni fún àgbàlagbà, £776 fún akẹ́kọ̀ọ́.

Yàrá ńkọ́? Ẹ má ti Ìbàdàn sanwó ilé tí ojú yín tàbí ojú èèyàn yín kò tíì kàn. Láti ọdún 2019, òfin kò gbà kí éjẹ́ǹtì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ayálégbé mọ́, owó ìdógò kò sì gbọ́dọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún irú ilé tí àwa ń gbà.

Ó yá, ẹ bọ́ sí Rye Lane. Iṣu Gánà wà nínú páálí lẹ́nu ọ̀nà, ata rodo àti tòmátò wà nínú abọ́ lórí tábìlì. £1 ni wọ́n ń ta abọ́ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti gbówó lórí báyìí. Ìgbín ńlá ń rá lára agbọ̀n. Ọmọ Afganístánì tó ń gé ẹran mọ ṣàkì, ó mọ pọ̀nmọ́, ẹ kò ní láti nawọ́ sí i.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣì í ṣe. Wọ́n á já wọ ṣọ́ọ̀bù màmá, wọ́n á gbé iṣu sókè, wọ́n á ní, "Èló nìyí?" Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó fi ìkíni sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó. Ẹ dúró ná. Tí oníbàárà kan bá wà níwájú, ẹ jẹ́ kó ṣe tirẹ̀ tán. Obìnrin, ẹ rọ orúnkún díẹ̀. Ọkùnrin, ẹ tẹrí ba. Ẹ ní, "Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọ igbá." Màmá á ṣe "Àmín," á wò yín láti òkè délẹ̀, á béèrè pé, "Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ọmọ mi?" Ẹ má parọ́, ẹ má sì fọ́nnu; ẹ sọ ìlú yín, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ mọ̀. Àwọn màmá yìí ló mọ ilé tí yàrá ti fẹ́ ṣófo, ìjọ tó ń fún àlejò ní ẹ̀wù òtútù, obìnrin tó ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ. Ìkíni tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ẹni tó bá fò ó, iṣu nìkan ló máa gbé lọ. Níbi iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀gá tó tó bàbá yín lọ́jọ́ orí lè ní kí ẹ máa pe òun lórúkọ. Ẹ pè é bẹ́ẹ̀. "Sà, sà" máa ń ni wọ́n lára.

Bí ẹ bá rajà tán, ẹ wo ilé ìkàwé Peckham, ilé aláwọ̀ ewé tó dúró lórí òpó. Ó gba ẹ̀bùn Stirling lọ́dún 2000, èyí tí wọ́n ń fún ilé tó dára jù. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Bí ẹ bá gba apá kejì Rye Lane, ẹ ó dé pápá Peckham Rye. Ìtàn sọ pé nígbà tí akéwì William Blake wà lọ́mọdé, ó rí igi kan níbẹ̀ tí àwọn áńgẹ́lì kún ẹ̀ka rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ nà án pé ó parọ́, ìyá rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ wa tó ń ṣeré nínú pápá náà mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ lọ́sàn-án o. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù.

Ó ku ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀, oṣù 12 péré ni ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà wúlò fún ẹni tó wá gbé níbí, lẹ́yìn náà ẹ ó ṣe ìdánwò tiwọn. Ẹ má sì di ẹran sínú àpótí, ì báà jẹ́ kílíṣí tí ìyá yín fúnra rẹ̀ dì: gbígbà ni wọ́n máa gbà á ní pápákọ̀. Ẹja gbígbẹ lè wọlé, kó má ṣáà ju kílò 20 lọ.