Orúkọ Lórí Ímeèlì Kì í Ṣe Ẹ̀rí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òpè nìkan ni gbájúẹ̀ ń rí mú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Láàárín ọdún 1995 sí 1998, Nelson Sakaguchi, ọ̀gá kan ní báńkì Noroeste ní orílẹ̀-èdè Brazil, mú kí báńkì náà pàdánù mílíọ̀nù 242 dọ́là sọ́wọ́ Emmanuel Nwude àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Nwude pe ara rẹ̀ ní Paul Ogwuma, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, ó ní àwọn fẹ́ kọ́ pápákọ̀ òfurufú tuntun sí Àbújá. Ọdún 2005 ni ilé ẹjọ́ dá Nwude lẹ́bi níbí ní Èkó. Ẹni tó ń fi owó ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni Sakaguchi. Orúkọ ló gbọ́, tó sì gbà gbọ́.

Ọgbọ́n orúkọ yìí kan náà ni àwọn gbájúẹ̀ orí ímeèlì ń lò. Ọdún 1982 ni Jonathan Postel kọ ìlànà SMTP sílẹ̀, èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń gbé lẹ́tà fún ara wọn títí dòní. Àwọn tó ń lò ó nígbà yẹn kò pọ̀, wọ́n sì fọkàn tán ara wọn, nítorí náà ìlànà ọ̀hún kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ohun tó bá wù ú ló lè kọ síbi orúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe àwọn àyẹ̀wò tó ń jẹ́ SPF, DKIM àti DMARC, kí kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà lè mọ̀ bóyá ibi tí lẹ́tà ní òun ti wá ló ti wá lóòótọ́. Wọ́n wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn kì í yẹ orúkọ wò, bẹ́ẹ̀ orúkọ nìkan ni fóònù wa sábà máa ń fi hàn wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì mọ̀ pé ọ̀dà yẹ́lò kò sọ ọkọ̀ di dáńfó gidi. Àwọn olè wán-ṣáǹsì náà ń kùn ún. Ọ̀dà ni orúkọ orí ímeèlì.

Ẹ jẹ́ ká họ ọ̀dà náà. Ẹ fọwọ́ tẹ orúkọ yẹn, àdírẹ́sì yóò yọ. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn àmì @, kí ẹ wá kà á láti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ sí ọwọ́ òsì. Nínú cbn.gov.ng, ng ni Nàìjíríà, gov ni ìjọba, cbn ni Báńkì Àpapọ̀. Ó dáa. Ẹ wo èyí tí mo fúnra mi hun fún àpẹẹrẹ: cbn.gov.ng.sanwo-kiakia.com. Ẹni tó ń kà á láti òsì ti rí báńkì, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún: com, lẹ́yìn náà sanwo-kiakia. Ẹni tó bá ra sanwo-kiakia.com ló láṣẹ láti kọ ohunkóhun tó bá wù ú ṣáájú rẹ̀. Kí ẹ sì la ojú yín dáadáa, nítorí r àti n tó bá fara kan ara wọn máa ń jọ m: rn.

Kí ló wá dé tí àwọn lẹ́tà kan fi máa ń rí játijàti, ti ọmọ ọba, ti àpótí dọ́là? Cormac Herley, onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ Microsoft, dáhùn rẹ̀ ní ọdún 2012, ìṣirò sì ni ìdáhùn náà. Fífi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò ná àwọn gbájúẹ̀ ní nǹkan kan. Àkókò tí wọ́n fi ń bá ẹni tó fèsì fà á ló ń ná wọn. Bí lẹ́tà bá ṣeé gbà gbọ́, ọ̀pọ̀ á fèsì, wọ́n á sì já nígbà tọ́rọ̀ bá dórí owó. Bó bá jẹ́ játijàti, afura á kọjá lọ. Ẹni tó bá fèsì ti yan ara rẹ̀ fún wọn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èyí tí kò rí játijàti rárá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ọ̀gá tó ń bójú tó owó ní Unatrac, ilé iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba, tẹ líǹkì kan, ó sì kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sójú ewé ayédèrú. Ẹgbẹ́ Obinwanne Okeke, tí wọ́n ń pè ní Invictus Obi, wọ inú ímeèlì rẹ̀, wọ́n sì ti ibẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n san owó. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 dọ́là ló lọ. Ọdún 2021 ni wọ́n rán Okeke lẹ́wọ̀n ọdún 10 ní Amẹ́ríkà. Àdírẹ́sì gidi ni o! Kíkà láti ọ̀tún kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò ọjà Aswani tí ẹ ń ra ọjà láti òkè òkun, àti ẹ̀yin ajẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde ní pápákọ̀ òfurufú, bí ímeèlì bá dé pé àkáǹtì ẹni tí ẹ fẹ́ sanwó fún ti yí padà, ẹ má fèsì sí i. Ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì náà, kí ẹ gbọ́ ohùn ẹni tí ẹ mọ̀.

Bówó bá ti lọ, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, nítorí kíákíá làwọn olè ń gbé owó láti àkáǹtì kan sí òmíràn. Ẹ fi ẹjọ́ sun EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó. Ẹ má sì pa ímeèlì náà rẹ́: àkọsílẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà tó gbé e kọjá ṣì wà nínú rẹ̀, òun sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi tọpa àwọn olè náà.