Ìwé Ìfẹ́ Tó Jọra: Ká Kà Á Ni, Àbí Ká Dáná Sun Ún?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sọ́wọ́ kejì lábẹ́ dẹ́sìkì wa ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Mo bi àwọn èèyàn léèrè nípa wọn, ní kíláàsì àti ní Ọjà'ba. Ohùn wọn ò dọ́gba rárá. Ẹnì kan ní, “Tóo bá ti ka ẹyọ kan, o ti ka gbogbo ẹ̀.” Òmíì ní, “Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n gbọ́ òyìnbó o, ẹ má fọwọ́ kàn án.” Ìyá aláṣọ kan ní bí ọjà ò bá tíì yá, ojú ewé méjì péré á ti pẹ̀tù sí òun lọ́kàn. Olùkọ́ kan sì ní ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin láti jókòó máa retí olówó.

Ibo ni wọ́n ti wá? Gerald Mills àti Charles Boon dá ilé-iṣẹ́ Mills & Boon sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1908. Oríṣiríṣi ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀, kí ìtàn ìfẹ́ tó wá di iṣẹ́ wọn. Ìlànà kan náà ni: ọmọbìnrin pàdé ọkùnrin, èdè-àìyedè bẹ́ sílẹ̀, wọ́n parí ìjà, ó di ìgbéyàwó.

Àwa náà ní tiwa. Cyprian Ekwensi, tó kàwé ní Government College níbí ní Ìbàdàn, kọ When Love Whispers fún ọjà Onitsha. Ní 1956, Ogali A. Ogali kọ Veronica My Daughter, níbi tí bàbá ti fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún ìjòyè olówó, tí ọmọ sì ní Mike lòun fẹ́. Ní Kánò, Balaraba Ramat Yakubu, tí wọ́n fún lọ́kọ ní kékeré, ń fi ìwé ìfẹ́ lédè Haúsá bá ìgbéyàwó ipá jà. Síbẹ̀, ní 2007, wọ́n dáná sun irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbangba ní Kánò.

Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ṣé jíjọra ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Rárá o. Bí ìyá àgbà bá ti ní “Ààlọ́ o,” ta ni kò mọ̀ pé Ìjàpá á tún ṣe ọgbọ́n àrékérekè? A mọ̀ ọ́n, a sì ń gbè é. Ohun tí a kò mọ̀ ni ọ̀nà tó máa gbé e gbà.

Ṣùgbọ́n nínú àlọ́, Ìjàpá kì í sábà hùwà burúkú kó lọ láìjìyà. Nínú ọ̀pọ̀ Mills & Boon àtijọ́, ọkùnrin olówó á jágbe mọ́ ọmọbìnrin, á fà á lápá, ìwé á sì ní ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ọdún 15 tó bá gba irú èyí gbọ́, ìgbà wo ló máa mọ̀ pé ó yẹ kóun sá?

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ọ̀kan, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Kí ni ọmọbìnrin náà ń fi ayé ẹ̀ ṣe kí ọkùnrin tó dé?
2. Bí ọkùnrin bá fi ipá mú un, ta ni ìwé dá lẹ́bi?
3. Bí a bá yọ owó kúrò, ṣé ìfẹ́ ṣì kù níbẹ̀?

Veronica yege: ó ti kàwé, ó sì kọ ìjòyè olówó sílẹ̀. Òmíì á fìdí rẹmi pátápátá.

Èrò tèmi ni pé ká má gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á lọ kà á níkọ̀kọ̀, kò sì ní rí ẹni bá jiyàn. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá síta, ká bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ẹni tí ò bá gbà, kó kọ tiẹ̀. Àyè ṣì wà lára ògiri yìí.