Nígbà tí Ìdáhùn Kò Bá Bá Ìrètí Mu

Nígbà tí àwa wà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, bí ìdáhùn ìṣirò wa bá yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lẹ́yìn ìwé, púpọ̀ nínú wa a máa fi rọ́bà pa tiwa rẹ́, a ó sì da ti ìwé kọ. Lónìí, àwọn ọmọ wa ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí afẹ́fẹ́ yóò ti fẹ́ àti bí omi yóò ti ṣàn, níbi tí kò sí ìdáhùn lẹ́yìn ìwé. Kí ni kí wọ́n ṣe bí èsì bá jáde lódìlódì?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára Lewis Fry Richardson, ará Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń wa ọkọ̀ àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Níbẹ̀ ni ó ti fọwọ́ ṣírò ojú ọjọ́ ti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, ọdún 1910. Ìṣirò rẹ̀ wí pé ìwúwo afẹ́fẹ́ ní gúúsù Jámánì yóò fi mílíbà 145 pọ̀ sí i láàárín wákàtí 6. Ní ti òótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá.

Richardson kò fi í pamọ́. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1922. Nítorí náà ni Peter Lynch ṣe lè fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí okùnfà rẹ̀ sì hàn kedere: nínú àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀, ìwúwo afẹ́fẹ́ àti ìfẹ́ rẹ̀ kò bára mu. Nígbà tí a tún àkọsílẹ̀ náà ṣe, èsì tí ó bọ́gbọ́n mu jáde.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni a rí kọ́. Èkíní, bí omi bá rú, orísun ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò: àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀, ti ẹ̀bá ààlà, àti òṣùwọ̀n wọn. Èkejì, kí a dín ìṣísẹ̀ àkókò kù. Ní 1928 ni Courant, Friedrichs àti Lewy ti fi hàn pé bí ó bá gùn jù fún ojú àwọ̀n ìṣirò, gbogbo iṣẹ́ lè dàrú. Ẹ̀kẹta, kí a dán ètò náà wò lórí ohun tí a mọ ìdáhùn rẹ̀, bí omi tí ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú páìpù tó gún. Ẹ̀kẹrin, ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú èsì àjèjì wá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yí nọ́ńbà títí yóò fi dùn ún wò. Orí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé afárá àti ọkọ̀ òfuurufú kà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá.