Ìṣẹ́tí Kúrómósóòmù: Iṣẹ́ Àjọṣe RNA àti Purotéènì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa, kí ni kì í jẹ́ kí etí kúrómósóòmù tú? Ẹ wo aṣọ tí télọ̀ kò ṣẹ́tí rẹ̀: bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ ni òwú rẹ̀ ń yọ. Télómíà ni ìṣẹ́tí DNA wa. Lára ènìyàn, lẹ́tà mẹ́fà, TTAGGG, ló ń tẹ̀lé ara wọn léraléra níbẹ̀.

Nígbàkígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín, etí yìí ń kúrú díẹ̀. Telomerase ló ń dá ohun tó dínkù padà. Carol Greider àti Elizabeth Blackburn ló rí i lára Tetrahymena, ohun ẹlẹ́mìí inú omi tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo; wọ́n kéde rẹ̀ ní 1985. Ní 2009, àwọn àti Jack Szostak gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ má gbàgbé èyí: telomerase kì í ṣe purotéènì nìkan. RNA tó wà nínú rẹ̀, TERC, ni pátánù. Purotéènì TERT ni télọ̀ tó ń wo pátánù náà rán lẹ́tà tuntun mọ́ DNA. Dyskerin di RNA náà mú kó má bàa bàjẹ́. Purotéènì mẹ́fà tó para pọ̀ di shelterin bo etí náà, kí sẹ́ẹ̀lì má bàa rò pé DNA já. Ọ̀kan nínú wọn, TPP1, ló ń fa telomerase wá síbi iṣẹ́.

Bí dyskerin tàbí TERC bá ní àbùkù, àìsàn dyskeratosis congenita lè dé: èékánná á bàjẹ́, funfun á hàn lórí ahọ́n, àwọ̀ ara á yí padà. Sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ń pín púpọ̀, nítorí náà ó máa ń jìyà.

Ní Owódé Ẹ̀gbá àti Ìfọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó lára ènìyàn, ibà la kọ́kọ́ ń fura sí, ó sì yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kò bá gòkè lẹ́yìn ìtọ́jú, tí àmì wọ̀nyí sì wà, ẹ béèrè nípa ìdílé. Àbúrò tí ara rẹ̀ le lè gbé àbùkù kan náà. Ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi mùdùnmúdùn rẹ̀ ta ẹ̀gbọ́n lọ́rẹ.

Ẹni tó bá sì ń ta oògùn “tó ń gùn télómíà” fún yín, ẹ rántí pé nínú jẹjẹrẹ 100, bíi 85 sí 90 ló ti jí telomerase dìde.

Ìbéèrè àtúnyẹ̀wò: kí nìdí tí TERT nìkan kò fi lè ṣe iṣẹ́ náà láìsí TERC?